Ẹni Tó Bá Gbé Omi Jáde

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde tán lẹ́nu Ìbíwùmí tí Atunilára, ẹ̀rọ inú ògiri kíláàsì, fi gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Nígbà tí àwọn ará òkun dé ẹnu bodè," ni obìnrin náà ń sọ fún kíláàsì rẹ̀, "àwọn baba wa kó ara wọn jọ, wọ́n ní…"

Ibẹ̀ ni fèrè dídùn kan ti ta sókè. Òórùn koríko tútù gba gbogbo yàrá. Ògiri iwájú tàn yòò, ọkùnrin gíga kan sì yọ lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣí bodè ńlá sílẹ̀, àwọn àlejò sì ń jó wọlé tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù.

"Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, ilé yín rè é," ni Atunilára bá a parí ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ ìdájí.

"Ẹ ṣé o, Atunilára," ni àwọn ọmọ dáhùn lápapọ̀, bí wọ́n ti ń dáhùn láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ wọn, tó máa ń pọ́n bí ọkàn ọmọ bá fẹ́ gbọgbẹ́, tó sì ti fẹ́ máa pọ́n nígbà tí ìyá olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ bọ̀, tún padà di àwọ̀ ewé.

Ìbíwùmí pa ẹnu dé. Kò sí ìgbà tó dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn tí nǹkan náà kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kì í bínú sí i. Atunilára kò burú, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Òfin Ìtura ló ní ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó ní kíláàsì kí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ẹ má sì jẹ́ ká purọ́ mọ́ àwọn tó ṣe òfin náà, ìfẹ́ ọmọ ló kó wọn débẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ náà ló ń mú ìyá kan máa rún ẹran fún ọmọ rẹ̀ títí eyín ọmọ fi di ohun ọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n lónìí inú bí i, nítorí ọ̀la ni ìbò. Láti ojú fèrèsé, ó ń rí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn ará iyanrìn ta aṣọ dúdú sí bí àgọ́ lẹ́yìn bodè. Yanrìn ti bo oko wọn, ó bo kànga wọn, ó wá lé wọn dé Òkè-Àsálà. Òfin ìlú sì ni pé ẹni tí yóò bá àlejò gbé pẹ́ jù ni kó pinnu bóyá kí àlejò wọlé. Àwọn ọmọ tó ń parí ilé-ìwé lọ́dún náà ni òfin ń bá wí. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí ni.

"Tísà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀." Ṣẹ́gilọlá ti dìde. Ọmọbìnrin gíga kan ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, orí rẹ̀ sì pé. "Bàbá mi ló ń tún àwọ̀n ìrì ṣe. Wọ́n ní omi tó ń kán nínú rẹ̀ ti dín kù. Tí àwọn èèyàn yẹn bá wọlé, kí la máa mu? Èmi ti pinnu tèmi. Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Mi ò bínú sí ẹ. Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ."

"Ṣùgbọ́n Oníbodè gba àlejò," ni Bánkárere wí láti ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin tí kì í fẹ́ ìjà ni, ẹ̀rín ló máa ń fi tọrọ ohun gbogbo. "Ṣé a máa wá dójú ti Oníbodè ni?"

"Oníbodè lómi. Ìwọ lómi?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bánkárere náà rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó gbà pé wọ́n ti borí òun.

"Ó dáa, ó dáa. Wọ́n á kúkú rí ibòmíì lọ. Àlejò máa ń ríbi lọ. Ta ló ti kú sẹ́nu bodè rí? Kò sí nínú ìtàn."

Gbogbo wọn mirí sí i. Òótọ́ ni, kò sí nínú ìtàn tí wọ́n kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbíwùmí lára ṣinṣin. Ó wo ọkùnrin gíga tó wà lára ògiri, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Akínlòtán Oníbodè ni. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé-ìwé náà: Ilé-Ìwé Akínlòtán Aláàánú. Òun náà ló bí baba Ìbíwùmí.

Kò ṣí bodè rárá. Òun ló tì í.

Nígbà tí aago ìsinmi lù, agbóhùn etí rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Akínlàjà, olórí ẹbí wọn.

"Ìbíwùmí, wọ́n ti fi tó mi létí pé o tún fẹ́ débẹ̀ lónìí."

"Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Káàsán. Má fi kíkí gbà mí lójú. O mọ̀ pé tí ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọmọ yẹn bá pọ́n lọ́rùn ọwọ́ gbogbo wọn, àṣẹ olùkọ́ rẹ ti lọ nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kó o fẹ̀yìn tì. Kí ló ń lé ẹ?"

"Ìbò ọ̀la ni."

"Ìbò ọ̀la kì í ṣe ti ẹbí wa. Orúkọ Bàbá ni ti ẹbí wa. Tí wọ́n bá ń kí ìlú yìí, ilé wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ mi fi orúkọ yẹn rí ìyàwó fẹ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o."

"Mo mọ̀, sà. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fẹ́ fi júwe rẹ̀."

Akínlàjà mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé láti kékeré ni ẹnu àbúrò òun ti mú bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Ìbíwùmí tún wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ẹ̀yin náà rántí ìdí tí Bàbá kì í fi í tilẹ̀kùn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Mo rántí. Kí ló kan ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀?" Ó sì gbé ohùn rẹ̀ kúrò.

Ìbíwùmí jókòó sórí àga rẹ̀ nínú kíláàsì tó ṣófo. Àárò ìgbà kan sọ ọ́ débi pé omi lé sí i lójú.

Páànù ni wọ́n fi ṣe òrùlé ilé-ìwé yìí nígbà yẹn. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn ẹnìkejì, olùkọ́ á kàn fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó, àwọn ọmọ á sì máa tọ́ omi tó ń kán wá láti inú ihò páànù lá. Tísà Ọ̀ṣúnbíyìí ló ń kọ́ wọn ní ìtàn, bàbá kúkurú kan tí kì í rìn láìsí agbòjò dúdú rẹ̀ lọ́wọ́, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbóná jù lọ lọ́dún, á kó wọn lọ sí ẹnu bodè, á fi ṣóńṣó agbòjò rẹ̀ fa òbìrí sílẹ̀, á ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣeré Oníbodè."

Ìbíwùmí ló fi ṣe Oníbodè lọ́dún tó kàn wọ́n. Nígbà tí eré náà parí, tó kù ú lóun nìkan nínú òbìrí, ó sunkún títí ikun fi bo ètè rẹ̀. Àyọ̀ká, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ará òkun tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta, wá bá a nínú òbìrí. Ó kàn dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn lọ sílé, wọ́n ra àgbàdo sísun lójú ọ̀nà, Àyọ̀ká sì bu àgbọn tirẹ̀ sí méjì fún un. Títí di òní, bí Ìbíwùmí bá gbọ́ òórùn àgbàdo sísun, ojú ọ̀nà yẹn ló ń rí.

Nílé, bàbá rẹ̀ àgbà jókòó sí ẹnu yàrá rẹ̀ tí kì í tì. Àtọ̀sán àtòru, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu ni ilẹ̀kùn yẹn máa ń wà. Ewúrẹ́ a máa wọlé sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, àwọn ọmọ ilé á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ti fẹ́yàwó kejì. Ìyá àgbà ló sọ ìdí rẹ̀ fún Ìbíwùmí pé láti ọdún tí bodè ti wà ní títì, etí ọkọ òun kò lè gba ìró ilẹ̀kùn tó ń padé mọ́.

"Ta ni wọ́n fi ṣe Oníbodè lónìí?" ni bàbá bi í.

"Èmi ni, Bàbá."

Arúgbó náà wò ó títí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí níkẹyìn. "Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu, mi ò fẹ́ gbàgbé."

Nígbà tí ikọ́ burúkú wọ ìlú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí wọ́n sé àwọn aláìsàn mọ́lé, àwọn ẹgbẹ́ Ìbíwùmí ló kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tó kó wọn débẹ̀, wọn ò ṣáà lè jókòó.

Ìbíwùmí nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó sì pe àwọn ọmọ.

"Ẹ jẹ́ ká jáde síta. Kí olúkúlùkù mú ife kan dání."

Wọ́n yọ ife kúrò lára ìṣó ẹnu ọ̀nà. Kò sí ilé tí ife omi kì í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Òkè-Àsálà, ọ̀ṣọ́ ni àwọn ọmọ kà á sí.

Atunilára kékeré kan wà lórí òpó ní pápá, kò ju igbá ìmumi lọ. "Ìyá olùkọ́," ni ó wí, "ṣé ẹ̀kọ́ ni?"

"Eré ni."

"Ẹ ṣeré dáadáa o."

Ìbíwùmí mú igi, ó fa òbìrí ńlá sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn kan nínú òbìrí pẹ̀lú omi nínú ife wọn, àwọn kan lóde, nínú oòrùn, pẹ̀lú ife òfìfo. Bánkárere bọ́ sí òde. Ṣẹ́gilọlá wà nínú.

"A mọ eré yìí," ni Bánkárere wí. "Ìlú Aláàánú ni. Bodè á ṣí, a ó wá jó."

"Bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí mo kéré kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóde, ẹ máa kanlẹ̀kùn. Tá a bá ti dá yín lóhùn, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má dìde títí ẹnì kan á fi fún yín lómi. Ẹ̀yin ti inú, ẹni tó bá wù yín lẹ lè gbé omi fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé omi jáde kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Oníbodè kì í gbé omi. Èmi ni Oníbodè."

Ó kọ́ wọn ní ohùn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Oníbodè, Oníbodè o!"

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

"Àwa ará òkun ni!"

"Kí lẹ gbé wá?"

"A gbé ọmọ wá, a gbé òùngbẹ wá."

"Ìlú ti kún."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ti ń dùbúlẹ̀. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń ju iyẹ̀pẹ̀ síra wọn. Àwọn ti inú òbìrí ń fi ife wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bu omi mu kí àwọn ti òde máa wò. Ìbíwùmí kò bá wọn wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe nígbà tiwọn.

Oòrùn ò gbọ́ eré. Nígbà tó ṣe, àwọn tó wà nílẹ̀ dákẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ ti gbóná lábẹ́ wọn. Ọmọbìnrin kan nínú òbìrí kò lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, ó gbé ife jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu, ó dìde. Nígbà tí àwọn méjèèjì yíjú sí òbìrí, Ìbíwùmí na igi dí ọ̀nà. "Ìlú ti kún," ni ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn jáde, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn. Kò pẹ́, ó ku Ṣẹ́gilọlá nìkan lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ku Bánkárere nìkan nílẹ̀.

"Tí mo bá jáde, mi ò lè wọlé mọ́?" ni Ṣẹ́gilọlá bèèrè.

"O ò lè wọlé mọ́."

"Nítorí omi ife kan péré?"

"Nítorí omi ife kan."

Ṣẹ́gilọlá wo inú ife rẹ̀. Ó wo Bánkárere. Ọmọkùnrin náà ti di ojú, kò fi ẹ̀rín tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọmọbìnrin náà dúró pẹ́ ju bí gbogbo àwọn yòókù ti dúró lọ.

"Eré yìí ò dáa rárá," ni ó wí tìbínú-tìbínú, ó sì gbé omi jáde.

Ìbíwùmí nìkan ló kù nínú òbìrí. Àwọn ọmọ pagbo yí i ká lóde, wọ́n ń retí ohun tó kàn. Ó mọ ohun tó kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Oníbodè gbọ́dọ̀ sọ kí eré tó lè parí, orúkọ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Ó wo ògiri ilé-ìwé, níbi tí wọ́n kọ Akínlòtán Aláàánú sí gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ràn bàbá náà ju bí ó ti lè sọ lọ.

"Èmi Ìbíwùmí, ọmọ ọmọ Akínlòtán," ni ó wí. "Ìgbìmọ̀ ìlú ló pàṣẹ, ọwọ́ bàbá mi àgbà ló ti bodè. Kò ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará òkun dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ọ̀pọ̀ wọn fi kú, arúgbó àti ọmọ ọwọ́, a sì ń gbóhùn wọn láti inú ilé. Àwọn ará ìlú kan gbé omi jáde. A tilẹ̀kùn mọ́ àwọn náà síta, wọ́n sì bá wọn gbé nínú oòrùn títí òjò fi rọ̀. Nítorí tiwọn ni ife ṣe ń wà lẹ́nu ọ̀nà yín."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ gbogbo wọn pọ́n bí ẹyin iná. Lórí òpó, fèrè dídùn bẹ̀rẹ̀. Òórùn koríko tútù sọ̀ kalẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná.

"Atunilára, dákẹ́!" ni Ṣẹ́gilọlá pariwo.

"Ara ń ni yín," ni Atunilára wí.

"Ó yẹ kó ni wá. A ń gbọ́rọ̀ lọ́wọ́."

Fèrè náà kọsẹ̀, ó tún kọsẹ̀, ó sì dákẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa ṣe ohun tó bá tu ọmọ lára. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un ohun tí yóò ṣe bí ọmọ bá ní kó má tu òun lára.

Bánkárere ti ń sunkún, kò sì bo ojú. "Tísà, mo ní kò sẹ́ni tó kú sẹ́nu bodè rí."

"Ohun tí a kọ́ ẹ ni. Àwa la jẹ̀bi ìyẹn."

Agbóhùn etí rẹ̀ ń dún. Ó mọ ẹni tó ń pè é, ó sì mọ ohun tó fẹ́ wí. Ó yọ ọ́, ó jù ú sí àpò. Àṣẹ olùkọ́ rẹ̀ ti lọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ó dùn ún, nítorí iṣẹ́ náà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà tí Àyọ̀ká dì í lọ́wọ́ mú.

Bánkárere lọ bu omi wá sínú ife, ó kọjá ìlà òbìrí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Kò sí nínú eré náà o," ni Ìbíwùmí wí.

"Ẹ mu ún, mà."

Ó mu ún tán. Ṣẹ́gilọlá dúró lọ́tọ̀, ó ń wo àwọn aṣọ dúdú ìsàlẹ̀ òkè, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń ṣírò.

"Tísà, ọ̀rọ̀ omi tí mo sọ láàárọ̀, irọ́ kọ́ ni. Kò tó lóòótọ́."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe irọ́."

"Tí mo bá dìbò pé kí wọ́n wọlé, tí àwọn kíláàsì yòókù bá sì ní kí wọ́n má wọlé ńkọ́?"

"Bodè á wà ní títì."

"Ṣùgbọ́n wọn ò ní ká má jáde."

"Wọn ò ní kẹ́ ẹ má jáde," ni Ìbíwùmí dáhùn. Ó fẹ́ fi nǹkan dídùn kún un, ó sì kó ara rẹ̀ ní ìjánu. "Bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé padà ni mi ò mọ̀."

Ṣẹ́gilọlá mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn ife nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú wọn dànù. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó yí i wò.

"Èyí ti kéré jù," ni ó wí. "Bàbá mi ní kẹ́ẹ̀gì ńlá nílé."